Iṣu Àkọ́bí Dé Dakar

Dakar,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1951.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi kéde fún ẹ̀yin, Ìyá àti gbogbo ará ilé ní Datcha pé èèpo iṣu náà bó díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá kan ló jókòó lé e nínú ọkọ̀ ojú irin ní Notsé. Ẹ fọkàn balẹ̀, inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Mo nírètí pé ara yín le, àti pé orúnkún Ìyá kò ro wọ́n mọ́. Èmi náà wà láàyè, àmọ́ ó rẹ̀ mí bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn wá. Kí Lucie àbúrò mi, tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Mo mọ̀ pé ogún ọjọ́ rèé tí iṣu tuntun ti wà nínú abà tí gàrí sì ni ẹ ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́. Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í jẹ iṣu tuntun kí àkọ́bí tó tọ́ ọ wò, ọ̀gá ibi iṣẹ́ Léon ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín, kò sì fún un láyè láti Dakar wálé lọ́dún yìí. Ìgbà tí ìjọba ní kí n wá fi oṣù mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ níbí ni ẹ gbé iṣu lé mi lọ́wọ́, tí ẹ ní, "Ìgè, gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn án lọ́nà. Má sì tẹ wáyà sí mi o, ta ni kò lè tẹ wáyà? Lẹ́tà tí o fọwọ́ ara rẹ kọ ni mo fẹ́ rí." Òun ni mo ń kọ yìí.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Lomé, wọ́n wọn àpótí mi, wọ́n sì ní kí èmi náà gun òṣùwọ̀n. Mo gbé iṣu dání. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé níbẹ̀ wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, ó ní mo ti wúwo jù, kí n bẹ́ iṣu náà sí méjì, kí n fi ìdajì sílẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú bá mi bẹ́ ẹsẹ̀ mi kan." Ó ní òfin kò mẹ́nu kan ẹsẹ̀. Ni mo bá bọ́ kóòtù, mo bọ́ bàtà, mo yọ ìwé ìṣirò mẹ́ta, mo kó gbogbo rẹ̀ fún Kòkúmọ́, ìbátan wa tó sìn mí débẹ̀. Abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi.

Ariwo ọkọ̀ náà dà bí ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ní Anié, àfi pé èyí kì í sinmi. Ìyá òyìnbó kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá ọmọ ni mo fi aṣọ wé. Mo ní, "Rárá, màdáàmù, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín." A bà ní Abidjan, a bà ní Conakry. Mo bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iṣu kò bì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé òtẹ́ẹ̀lì tí ìjọba fi wá sí ní Dakar, níbi tí èmi àti Léon ti ṣàdéhùn láti pàdé. Aṣọ́nà ní ẹni tí kò wọ bàtà kì í wọlé. Mo jókòó síta ti èmi ti iṣu títí Léon fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ fún mi. Aṣọ́nà jẹ́ kí n wọlé, ó sì dá Léon dúró. Dominique, alásè ibẹ̀, ló ṣàánú wa, ó ní kí a gba ẹ̀yìnkùlé wá sí ilé ìdáná. Òun ló bá wa se iṣu náà. Léon fi ègé kan sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó bi mí bóyá igi ọsàn ẹ̀yìn abà ṣì ń so. Lẹ́yìn náà ó jẹ ègé mẹ́rin.

Nítorí náà, Bàbá, iṣu ti kan ẹnu àkọ́bí. Ẹ jẹun. Ẹ jẹ tèmi mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹ ti ọdún yìí pẹ́, kí agbára sì wà láti kọ ebè ti àmọ́dún.

Èmi ni ọmọ yín tí kò ní bàtà,
Ìgè.

Àfikún: Léon ti ka ìwé yìí, ó ní kí n yọ̀ǹda ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún òun. Akọ̀wé ìjọba ni, ẹ gbà á bó ṣe kọ ọ́.

ÌKÉDE. Èmi, Léon, àkọ́bí, ń fi èyí sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pé mo ti ń jẹ iṣu tuntun láti oṣù keje, kí ti Datcha tó kúrò nínú ebè. Wọ́n ń tà á lọ́jà ẹ̀yìn ilé mi. Òfin ilé wa sọ pé iṣu tuntun, kò sọ oko tó ti wá. Ẹni tó bá ti ń dúró láti ìgbà náà, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni.