Ojú Òsì Onígbàjámọ̀ Kan

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀,
Òdìkejì Ilé Ìwòsàn Ìjọba.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fún Àwọn Dókítà Ní Ìwé Àṣẹ,
Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ JẸ́ KÍ DÓKÍTÀ ÀLEJÒ PARÍ OJÚ MI KÍ Ó TÓ LỌ

Àwọ̀ funfun kan ló bo ojú mi méjèèjì. Dókítà kan tó wá láti òkè òkun ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ọ̀tún, ó ní kí ó jinná ná kí òun tó kan òsì. Kó tó jinná, ìwé àṣẹ tí ẹ fi gbà á láyè láti tọ́jú aláìsàn nílẹ̀ yìí ti parí, akọ̀wé yín sì kọ̀ láti sọ ọ́ dọ̀tun. Kò tilẹ̀ wo ojú mi kó tó kọ̀. Bẹ́ẹ̀, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọjọ́ Ẹtì ni dókítà náà ń padà sílé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò bá òfin yín jà. Ẹni tó bá mú abẹ dání tó fẹ́ fi kan ara ọmọ ẹlòmíràn, ó yẹ kí á mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Orí tí àwọn ayédèrú onígbàjámọ̀ ti bàjẹ́, tí mo wá tún ṣe, kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí ìwé àṣẹ tèmi bá parí nígbà tí mo fá orí oníbàárà dé ìdajì, ṣé ẹ ó ní kó máa gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé yín ní kí n lọ bá dókítà ọmọ ilẹ̀ yìí. Mo lọ. Dókítà ojú tó wà nílé ìwòsàn wa, obìnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, sọ fún mi láìfi bò pé ojú òsì yìí le ju ọ̀tún lọ, pé òun kò tíì dá irú rẹ̀ ṣe rí, àti pé ó wu òun kí òun dúró ti àlejò náà kí òun lè kọ́ ọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi, orí àwọn ẹlòmíràn ni mo ń fi tèmi ṣọ́. Ta ni yóò wá gbé orí fún abẹ olójú kan? Àwọn oníbàárà mi ń kí mi láti ìta, wọn kì í wọlé mọ́. Àbúrò mi pàápàá ti dá irùngbọ̀n sí, ó ní ó bá ojú òun mu. Mo fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra, nítorí iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń jókòó sórí àga mi: dókítà àlejò náà. Òfin ní kó má fọwọ́ kàn mí, kò ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó wá fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yìí. Ó mọ ibi tí ìríran mi mọ ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ ó dijú, ó gbé ọrùn sókè fún mi. N kò gé e.

Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín: ẹ fún un ní ọjọ́ kan péré, kí dókítà wa dúró tì í. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ rán akọ̀wé yín wá fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ mi, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ̀rù bá bà á láti gbé ọrùn fún mi, á jẹ́ pé òun náà mọ̀ pé ojú kan kò tó.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Abẹ-Kò-Ta
(bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè mí),
Onígbàjámọ̀.