Irin Tí Kò Gbọdọ̀ Há

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kọkànlá, 2017
N kò mọ̀wé kọ. Fóònù ni mò ń sọ ọ́ sí. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.
Ọmọ́níyì, ọmọ mi, tún gbé Àlejò wá sílé — orúkọ tí mo sọ ìbọn rẹ̀ nìyẹn, torí n kò pè é. Ó tú u palẹ̀ sórí tábìlì tí ìyá rẹ̀, Oyèrónkẹ́, máa ń po ìyẹ̀fun lé nígbà ayé rẹ̀. Òróró ìbọn kán sórí búrẹ́dì mi. Mo da búrẹ́dì nù. Ìríra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ìbọn náà ń há. Inú mi dùn.

Ọjọ́rú, 8
N kò bi í, ó ń ṣàlàyé. Pé irin wíwúwo kan wà ní ìdí ìbọn, sípíríǹgì wà lẹ́yìn rẹ̀ — molla lòun ń pè é. Bí ìbọn bá dún, irin á sáré sẹ́yìn, molla á tì í padà wá gbé ọta mìíràn. Bí irin bá fúyẹ́ jù, á sáré kọjá ọta. Bó bá wúwo jù, kò ní í dé ẹ̀yìn dáadáa, èèpo ọta á há síbẹ̀. Ó ń yọ ọ́, ó ń fi òmíràn sí i, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Papà, basta poco, díẹ̀ ti tó." Ojú rẹ̀ ń dán.
Onímú ló ń ṣe é fún — ọ̀gá rẹ̀ ní officina, ilé iṣẹ́ ìbọn ní Ítálì níbí, imú rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Sátidé ni wọ́n máa yìn ìbọn náà wò ní Padova, níwájú àwọn tó ń fi ìbọn díje. Bí kò bá há, ọmọ mi gba contratto, ìwé iṣẹ́ tí kò lópin. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọrọ rẹ̀.
Bí kò bá há. Ọ̀rọ̀ yẹn ń rùn létí mi.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo gbé molla tó dára jù. Inú ìkòkò ìrẹsì ló wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Ó wá a dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mú un?" Ẹ̀rù ló máa ń jẹ́ kó pè mí ní Bàbá. Mo ní n kò mọ nǹkan kan. Ló bá gbé irin wíwúwo yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Ẹ fi ahọ́n kàn án, kí ẹ tún un sọ."
Èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tó jí bisikíìtì ní elementare, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọbẹ ni mo ní kó fi ahọ́n kàn. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn. A kì í purọ́ lórí irin. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló ń mú bàbá rẹ̀ búra? Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí. Irin náà tutù. Ó ń rùn bí ẹ̀jẹ̀.
N kò lè ṣe é. Mo yọ molla nínú ìrẹsì. Mo wá sọ èyí tí n kò sọ fún un rí: kì í ṣe mọ́tò ló pa ìyá rẹ̀. Adigunjalè ni, lọ́nà Ṣàgámù, lójú mi, nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sílé, tí òun kéré, tí a fi í sọ́dọ̀ Ìbíwùmí onídìrí ní Ítálì níbí. Olè náà yìnbọn, ìbọn há. Oyèrónkẹ́ ń sá. Ó pe orúkọ mi. Olè gbá ìbọn mọ́ orókún — ó tú, ó tún yìn ín.
Ọmọ náà gba molla, ó yí i wò. Ó wá ní: "Báwo ló ṣe há?"
Ìyẹn ló bi mí. Mo tutọ́ gba ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ó lọ. Ó mú molla dání. Kò kí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Ó dé láti Padova. Mo ní, ṣé ó há?
"Kò há, Papà. Neanche una volta, kò há lẹ́ẹ̀kan." Onímú dì mọ́ ọn lójú gbogbo ayé. Ó tẹ́ contratto sórí tábìlì, ó gbé bíró lé e. Kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ní gbogbo ìgbà tí ìbọn ń dún, àyè tí ìyá òun fi pe orúkọ mi lòun ń wá láàárín ọta kan sí èkejì. Kò sí i mọ́. Òun lòun pa á rẹ́.
"Ẹ sọ̀rọ̀, Bàbá."
Mo gbé ọṣẹ, mo ń fọ tábìlì yí ìwé náà ká. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti yọ irin yẹn nínú àpò, ó fi ahọ́n kàn án.
"N kò ní fọwọ́ sí i."
N kò sọ pé kó ṣe é. N kò sọ pé kó má ṣe é. Mo bu omi fún un kó fi fọ ẹnu.