Gíláàsì Tó Ti Ìdòfin Wá

Ọjọ́ ọjà, ìrọ̀lẹ́.

Olúwa, o ṣeun. Mọ́tò Pijó tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ ò ní bọ́ sọ́wọ́ àwọn oní-kọ̀ńdẹ́mù tó ń ra àlòkù irin mọ́.

Òbúkọ ló rí ara ẹ̀ nínú gíláàsì ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ló bá kàn án fọ́. Délé ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tà á, wọn ò ṣe irú gíláàsì ẹ̀ mọ́." Mo ní mo rí òkú Pijó kan ní Ìdòfin, adìẹ ń sàba nínú ẹ̀.

A gbé mọ́tò wa lọ síbẹ̀ lónìí, ìyá tó ni òkú Pijó náà sì dá èmi àti mọ́tò mọ̀. "Háà! Ṣé mọ́tò tó gbé mi lọ bímọ nìyí? Ẹ yọ gíláàsì yẹn lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ ṣáà má jẹ́ kí adìẹ mi dìde."

Délé rọra yọ ọ́, adìẹ ò dìde.

Gíláàsì náà ti wọ ilẹ̀kùn mọ́tò wa báyìí. Ìyẹ́ adìẹ kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní kí Délé má nù ún.