Ariwo Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́, Egbeda

Ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́la ni màmá mi máa wá kọ orin tí wọ́n fi ń jí wa fún àdúrà òwúrọ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún wọn lọ́jọ́ Ajé.

Mo ní kí n dán sáùǹdì káàdì tó bá kọ̀ǹpútà náà wá, èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀, wò. Mo gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀, mo tẹ́tí sí i: ó ń kùn bí oyin! Mo yọ ṣájà, ariwo lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì yìí kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Mo pe màmá, mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Orin mi ò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin jàre.”

Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, ohùn wọn ti há.

Mo ti fi bátìrì síná. Ohùn màmá mi ńkọ́?