Rọ́bà tó Wà Nínú Ọ̀gágun

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ, 2025

Ọ̀gágun dúpẹ́ lónìí. Gbogbo ìjọ jó tẹ̀ lé e dé iwájú pẹpẹ. Ó ní Ọlọ́run ti mú ìrora òkúta inú kíndìnrín kúrò, òun ti sàn pátápátá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà jó — ọkàn mi ni kò sí nínú ijó.

Nítorí rọ́bà ṣì wà nínú rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí Dókítà Rawdah fi sí i n'Ílọrin lóṣù Kẹfà, láti kíndìnrín dé àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè máa ráyè kọjá. Ọjọ́bọ̀ yìí ló yẹ ká lọ yọ ọ́. Kíndìnrín kan ṣoṣo ló sì kù tó ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ mi, èkejì ti kú tipẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ọ̀gágun. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tó ṣì ń pàṣẹ fún ewúrẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 4

Irú rọ́bà méjì ni wọ́n fi hàn wá nígbà náà. Ọ̀kan wọ́n ju agbára wa lọ. Èkejì pọ́ọ́kú. Òun la rà. Dókítà ní yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, kìkì ká má jẹ́ kó pẹ́ nínú ara, nítorí òkúta a máa dì mọ́ ọn bí nǹkan funfun ṣe ń dì mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Ohun tí ó sọ nìyẹn. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé gbàrọgùdù la rà.

Ọjọ́bọ̀, 7

A ò lọ.

Mo ti di báàgì. Ọ̀gágun wọ bàtà oko, ó ní òun ń lọ wo iṣu òun ní Òkè-Onígbìn. Mo ní ọsibítù ńkọ́? Ó ní, "Ìyá Ayọ̀túndé, èèyàn kì í dúpẹ́ ìwòsàn lọ́jọ́ Àìkú kó tún gbé àìsàn kan náà lọ bá dókítà láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣé irọ́ ni mo pa níwájú Ọlọ́run ni?"

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń ṣe nínú ìjọ wa. Ẹni tó bá ti dúpẹ́ ìwòsàn, wọn kì í gbàdúrà fún un mọ́ lórí àìsàn yẹn. Wọ́n ní ó jọ ẹni tó gba ẹ̀bùn tán tó tún nawọ́.

Ìtìjú náà wà ńbẹ̀. Ojú ara ọkùnrin ni wọ́n máa gbà yọ ọ́, wọn ò ní fún un lóògùn oorun, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin tí ì bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló sì máa ṣe é. Kò sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Iṣu tuntun dé. Ó jẹun, ó pàṣẹ, ó kọrin. Kò sí ìrora. Bóyá èmi ni mo ń da ara mi láàmú.

Ọjọ́ Ajé, 18

Ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Èrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí kanlẹ̀ nílé ìtọ̀. Ó ní ọjọ́ orí ni.

Ayọ̀túndé, ọmọ wa, pè láti Ganmo. Mo rò fún un. Ó ní bàbá òun ò ní gbọ́ tòun láéláé, kí n wá ẹni tó jù wọ́n lọ. Ta ló ju Ọ̀gágun lọ ní Òmù-Àrán yìí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀. Ó da omi sí i kí n má bàa rí i. Mo rí i.

Ẹ̀rù ń bà mí. Rọ́bà pọ́ọ́kú yẹn ti ń jẹrà nínú ẹni mi. Mo mọ̀ pé òun ni.

Ọjọ́rú, 10

Mo lọ bá Màmá Lucy, Ìyá Ìjọ wa. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn ló kọ́ Ọ̀gágun ní á-bí-dí. Mo ro ẹjọ́. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, inú bí mi. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n ní ó yá.

Abẹ́ igi máńgòrò la bá a. Wọn ò tilẹ̀ dúró gba ìkíni.

"Sámúẹ́lì, lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, a dúpẹ́ àbí a ò dúpẹ́?"

Ó ní wọ́n dúpẹ́, mà.

"Ìwọ́ rẹ ti já lọ́jọ́ náà?"

Ó ní kò tíì já, mà.

"Lẹ́yìn ọpẹ́, ojoojúmọ́ ni ìyá rẹ ń fi omi gbígbóná jó o. Ṣé irọ́ la wá pa fún Ọlọ́run nìyẹn? Dìde, òpònú."

Òpònú! Ọ̀gágun! Mo sáré wọlé kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín lẹ́nu mi. Nígbà tí mo jáde, ó ti dìde.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ílọrin. Ayọ̀túndé ló wà wá lọ. A bá ọkùnrin kan lọ́dẹ̀dẹ̀, Shakiru, àgbẹ̀ láti Share. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tirẹ̀ ni, ó sì ń fi Ọ̀gágun ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, kó tó dùn yín ó ti tán." Mo bi í pé irú èwo ni wọ́n fi sí i. Pọ́ọ́kú. Irú tiwa gẹ́lẹ́. Ó wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, ó sì ń lọ sílé.

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, orí rọ́bà ni mo ń di ẹ̀bi rù.

Wọ́n mú Ọ̀gágun wọlé. Nígbà tí Dókítà Rawdah jáde, ojú rẹ̀ kò dáa. Òkúta ti bo rọ́bà náà lápá òkè. Bí wọ́n ṣe fà á, ó já. Ìdajì wà nínú àwo, ìdajì wà nínú kíndìnrín tó kù. Wọ́n máa là á lọ́la.

Mo bi í bóyá nítorí pé ó pọ́ọ́kú ni. Kò tàn mí. Ó ní èyí tó wọ́n ì bá fara dà á díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n ṣe láti máa gbé inú èèyàn. Mo bi í bóyá kíndìnrín á yè. Ó ní ká gbàdúrà.

Ọ̀gágun gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n pe Màmá Lucy, kí ìjọ gbàdúrà fún òun, kí n sọ pé òun gan-an ló bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá tíṣà tí kì í sọ èdè ilé níwájú àlejò — Ìgbómìnà pọ́nńbélé ló fi sọ ọ́ lójú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Wọ́n ti gbé e wọlé. N kò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 17

Ó yè. Ìtọ̀ ń bọ̀ — díẹ̀ ni, ó sì pupa, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Mo sunkún títí nọ́ọ̀sì fi gbé àga fún mi.

Dókítà ní àwọn ti fi rọ́bà mìíràn sí i kí ojú ọgbẹ́ lè jinná. Irú pọ́ọ́kú yẹn náà ni. Ó dá ọjọ́ tí a máa padà wá.

Màmá Lucy pè nírọ̀lẹ́. Inú ìjọ ń dùn, wọ́n fẹ́ mọ Àìkú tí wọ́n máa bá wa jó. Mo gbé fóònù sí Ọ̀gágun létí. Ohùn rẹ̀ kò tíì jáde dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ.

"Mà, ẹ bá mi dá wọn dúró. Ó ṣì wà nínú mi."