Eré Skat Nílé Màmá Ilse

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Temple, Northeast Calgary,
                                        Alberta, Canada.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2016.

Adégbénga, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Port Harcourt? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Màmá ti bọ́ lọ́wọ́ orúnkún tó ń dùn wọ́n? Mo gbọ́ pé wọ́n ti tún ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ìsọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara tiwa náà le níbí. Wùnmí wà dáadáa, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni kì í jẹ́ kó sinmi. Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ rẹ ti pé ọmọ ọdún méje. Tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, àmọ́ ó ní kí n kí Uncle Gbénga.

Mo mọ̀ pé ò ń retí kí n sọ ọjọ́ tí bàálù mi máa balẹ̀. Gbénga, mi ò ní lè wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ láti sọ ọ́ fún ọ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo ń sọ títí a fi pa fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ọjà epo já wálẹ̀. Ohun tí o ò mọ̀ ni bí mo ṣe wà látìgbà náà. Wùnmí á ti ibi iṣẹ́ dé, á bá mi ní basement níwájú kọ̀ǹpútà, màá ní iṣẹ́ ni mò ń wá. Nígbà mìíràn, mò ń wá a lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ àárín wa wá kù sí "ṣé ẹ ti jẹun" àti "ta ló máa lọ mú Rẹ̀mí".

Nínú oṣù Kejìlá, ìyá arúgbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, Màmá Ilse, yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì kán. Ará Germany ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, àtìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń gbé Calgary. Mo wá ń bá a kó snow ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wọlé wá mu kọfí, ó sì bi mí bóyá mo mọ káàdì í ta. Mo ní Whot ni mo mọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní omi gbígbóná nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè.

Ó ní eré kan wà nílùú àwọn tó ń jẹ́ Skat, ẹni mẹ́ta ló ń ta á. Òun, ọkọ òun àti ọ̀rẹ́ ọkọ òun ni àwọn jọ máa ń ta á tẹ́lẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì ti kú. "Mú ìyàwó rẹ wá ní Sátidé." Mi ò rò pé Wùnmí máa gbà. Ó gbà, bóyá torí ọwọ́ ìyá náà tó fẹ́ yẹ̀ wò.

Káàdì méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń ta á. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú mẹ́wàá, méjì tó kù á dojú dé sáàárín tábìlì. Ẹ ó máa pe iye, ẹni tí tiẹ̀ bá ga jù ló máa mú méjì yẹn, òun nìkan ló sì máa dojú kọ àwọn méjì yòókù. Ọgọ́fà ni gbogbo iye tó wà nínú káàdì. Kí òun tó lè jẹ, ó gbọ́dọ̀ kó ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Àwọn méjì yẹn á máa gbe ara wọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Lórí ìyẹn, Màmá Ilse kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Sátidé kọ̀ọ̀kan ló ń lù wá bí ẹni lu bàrà. Ọwọ́ kan ló fi ń ta á o, èkejì wà nínú POP! Èmi engineer ń kọ káàdì tó ti jáde sórí bébà, ó gba bébà náà, ó fi nu kọfí tó dà sílẹ̀. Wùnmí tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tí a bá ń padà sílé, á máa ṣàlàyé ibi tí mo ti ṣì í fún mi, èmi náà á máa jiyàn. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Síbẹ̀, Gbénga, nígbà tí o pè mí ní oṣù Kejì pé iṣẹ́ ti jáde fún mi ní iléeṣẹ́ yín, mo sọ pé mo gbà, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò sọ fún Wùnmí. Mo ń sọ fún ara mi pé mò ń dúró de ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn ni.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, Màmá Ilse ló ń dá ta, èmi àti Wùnmí la jọ wà lápá kan. Wùnmí ju Ace of hearts sílẹ̀, Màmá Ilse ju káàdì kékeré tẹ̀ lé e. Tí ẹnìkejì rẹ bá ti ń jẹ báyẹn, ńṣe ló yẹ kí o ju káàdì ńlá rẹ sí i, kí iye rẹ̀ lè jẹ́ tiyín. Ten of hearts wà lọ́wọ́ mi. Seven ni mo jù. Kò pẹ́, Màmá Ilse fi Jack gba Ten náà lọ́wọ́ mi, ó sì jẹ.

Wùnmí yíjú sí mi. "Bàbá Rẹ̀mí, kí lẹ fi í pamọ́ fún?"

"Mo rò pé ó máa wúlò fún mi tó bá yá ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fi tíkẹ́ẹ̀tì Port Harcourt pamọ́ sápò jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti rí i. Mò ń retí kí ẹ sọ."

Bí mo ṣe fẹ́ fèsì, Màmá Ilse ti lu tábìlì gbì: "No talking at the table! And not in that language!" Ó rò pé à ń sọ káàdì ọwọ́ wa fún ara wa ni. Wùnmí bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Òun ló ṣàlàyé fún ìyá náà. Màmá Ilse ń fi ọwọ́ kan kó káàdì jọ. Ó ní ọdún 1983, epo já wálẹ̀ báyìí, ọkọ òun sì lọ ṣiṣẹ́ ní Libya fún ọdún mẹ́ta. Ó ní nígbà tó dé, Caroline ọmọ àwọn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń kí àlejò. Mo bi í pé ṣé kí n má lọ ni. Ó ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ la jẹ. Àmọ́ àwa méjèèjì la jọ pinnu rẹ̀, níbi tábìlì yìí, síbẹ̀ náà ó le fún wa." Ló bá gbé káàdì síwájú mi pé èmi ló kàn láti pín in.

Nígbà tí a jáde, Wùnmí ní òun ò ní kí n má lọ, pé ohun tó dun òun ni pé àpò aṣọ ló sọ fún òun, kì í ṣe ẹnu mi. Mo wá sọ òótọ́: mo ní ojú tó fi ń wò mí ní basement ni mi ò lè fara dà mọ́.

"Ojú wo?" ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí ni. Tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, mi ò lójú kankan tí mo fi ń wo èèyàn."

A dúró sínú snow níbẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ yẹn la fi jọ rò ó wò tọ̀tún tòsì. Mo ti dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Lọ́la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ training láti wa school bus. Rẹ̀mí bi mí pé, "Daddy, can it be my bus?" Mo ní màá bẹ̀ wọ́n.

Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ lo fi dúró fún mi lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Kì í ṣe ohun kékeré, bí o sì ti da omi síwájú fún mi, ilẹ̀ tútù ni wàá tẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi wo ti Akínbámi tí a jọ ka ìwé. Ọdún tó kọjá ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Warri, ó sì mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

Lánàá ni a kọ́kọ́ na Màmá Ilse. Ọgọ́ta géérégé ló kó, ó ku ẹyọ kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Wùnmí bá òun kà á. Nígbà tí ọgọ́ta kò yí padà, ó dìde, ó lọ gé kéèkì wá fún wa, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi jẹ ẹ́ tán.

Bá mi kí Màmá, kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Gbénga, tí inú bá ń bí ọ sí mi, kọ ọ́ sínú lẹ́tà bó ṣe rí, kí o bú mi dáadáa. Má ṣáà dákẹ́.

Èmi ni tìrẹ, bí ti àtijọ́,

Olúdọ̀tun