Ẹni Tí Yóò Báni Sọ Ẹrù Kalẹ̀ Lọ́nà Ìràwọ̀

Mùbárak ọkọ mi,

Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì. Kò fẹ́ gbẹ́yìn ní Igbó-Ọrà.

Àbúrò rẹ ka ìtàn tí ò ń kọ sí mi létí, ti ọ̀nà àtijọ́ táwọn oníṣòwò ń rìn láàárín ìràwọ̀. Ó dùn, àmọ́ o bí mi nínú: kò sẹ́ni tó ń bá wọn sọ ẹrù kalẹ̀! Nígbà tí mò ń ru gààrí lọ Ìdèrè, ẹni tí n kò mọ̀ rí ló ń bá mi sọ̀ ọ́, tó ń gbé e rù mí padà. Fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí i.

O ní ìtàn náà wúwo, o fẹ́ pa á tì. Wálé lọ́dún Iléyá, Ọlọ́hun á mú ọ dé láyọ̀. Màá bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tó o bá sinmi tán, màá gbé e rù ọ́.

Ìyá rẹ